Ìbẹ́pẹ ní Oko Kékeré Erékùṣù: Bí Wọ́n Ṣe Ń Gbìn Ín ní Hawaii

Ìbẹ́pẹ tètè ń so, ó sì tètè ń kú. Láti ọjọ́ tí ẹ bá ti gbé e sí oko, oṣù 9 sí 11 ni ẹ ó fi máa ká èso àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n bí omi bá dá rogún sí ìdí rẹ̀ fún ọjọ́ méjì péré, igi tó ga ju orí ènìyàn lọ lè rọ, kí ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ pọ́n, kí gbòǹgbò sì jẹrà. Kò sí ajílẹ̀ tó lè gbé e dìde lẹ́yìn náà. Nítorí náà, ibi tí omi ń gbà lọ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìbẹ́pẹ, kì í ṣe ibi tí omi ń gbà wá.

Ẹ wo Puna, ní ìlà oòrùn erékùṣù tó tóbi jù ní Hawaii, ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tó jẹ́ àkójọ erékùṣù láàárín òkun Pàsífíìkì. Ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìbẹ́pẹ Hawaii ti ń wá. Òjò ibẹ̀ pọ̀ gan-an, ilẹ̀ ibẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní erùpẹ̀: òkúta tí òkè ayọnáyèéfín tú jáde tó sì dì ni. Katakata ni àwọn àgbẹ̀ fi ń fọ́ ọ kí wọ́n tó rí ibi gbin nǹkan. Síbẹ̀ ìbẹ́pẹ ń ṣe dáadáa níbẹ̀, torí bí òjò ti ń rọ̀ ni omi ń gba àárín òkúta lọ.

Kí ẹ tó gbin ohunkóhun, ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 45. Ẹ bu omi kún un, ẹ jẹ́ kó fà tán, kí ẹ tún bu omi kún un lẹ́ẹ̀kejì. Bí omi kejì bá lọ láàárín wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin, ilẹ̀ yín dára. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí omi ṣì wà nínú ihò, ẹ má gbin ìbẹ́pẹ sórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ níbẹ̀. Ẹ kọ ebè gígùn tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 50, tó sì fẹ̀ tó mítà kan, kí ẹ gbin igi sórí rẹ̀, kí ẹ sì la ọ̀nà àgbàrá sí àárín ebè kan àti èkejì.

Ní àwọn erékùṣù tí ilẹ̀ wọn jẹ́ yanrìn iyùn, omi kì í dúró, àmọ́ ẹfun inú ilẹ̀ náà pọ̀ jù. Kì í jẹ́ kí igi rí irin àti síǹkì fà mu. Ẹ ó rí i pé ewé tuntun pọ́n, tí iṣan rẹ̀ nìkan ṣì dúdú. Ewé jíjẹrà ni oògùn irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀: bárò kan gbáko sí ihò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa fi kún un lọ́dọọdún.

Ẹ̀fúùfù náà wà níbẹ̀. Ihò ni inú igi ìbẹ́pẹ, gbòǹgbò rẹ̀ kò sì jìn. Ẹ̀fúùfù òkun tó gbé iyọ̀ dání ń jó ewé rẹ̀ bí ẹni fi iná rà á. Ẹ gbin eèsún tàbí igi tó lágbára sí ìhà ibi tí ẹ̀fúùfù ti ń wá, kí ẹ fi àlàfo mítà 4 sílẹ̀ kí gbòǹgbò wọn má bàa bá ìbẹ́pẹ du oúnjẹ.

Irúgbìn, àti ọ̀rọ̀ akọ òun abo

Solo ni ìdílé ìbẹ́pẹ tí Hawaii ń gbìn. Láti Barbados ni irúgbìn rẹ̀ ti dé ibẹ̀ ní 1911. Èso rẹ̀ kéré, ìdajì kílò ni púpọ̀ nínú wọn. Ẹnì kan á là á, á sì jẹ ẹ́ tán níjókòó. Àwọn ọmọ rẹ̀ tí ẹ ó máa gbọ́ orúkọ wọn ni Sunrise àti Sunset, tí inú wọn pupa, àti Kapoho, tí inú rẹ̀ rí bí ìyeyè. Rainbow náà wà, a ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbi tí a bá ti ń sọ̀rọ̀ àrùn.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ oko kékeré ti ń pàdánù owó láìmọ̀. Ìbẹ́pẹ ní akọ, ó ní abo, ó sì ní takọtabo. Akọ ìbẹ́pẹ, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n nílé: òdòdó rẹ̀ máa ń rọ̀ sílẹ̀ lórí okùn gígùn, kì í sì í so èso tó ṣeé tà. Abo ń so, àmọ́ èso rẹ̀ rí rogodo, inú rẹ̀ ṣófo, ẹran ara rẹ̀ kò nípọn, ó sì gbọ́dọ̀ gba àtíkè òdòdó lọ́dọ̀ igi mìíràn kó tó lè so. Takọtabo ni ọjà ń fẹ́. Òdòdó rẹ̀ ń ṣe ara rẹ̀ lóyún, èso rẹ̀ gùn, ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹran ara rẹ̀ nípọn.

Bí ẹ bá mú irúgbìn láti inú èso takọtabo tí kò gba àtíkè òdòdó lọ́dọ̀ igi mìíràn, ìdá méjì nínú mẹ́ta èyí tó hù yóò jẹ́ takọtabo, ìdá kan yóò jẹ́ abo. Akọ kò ní sí nínú wọn rárá. Láti rí irú irúgbìn bẹ́ẹ̀, ẹ mú igi takọtabo mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ara wọn le tí èso wọn sì dùn. Ẹ fi àpò bébà bo òdòdó tó máa là lọ́la tàbí lọ́tùn-únla, kí ẹ fi okùn so ẹnu àpò náà. Nígbà tí ọmọ èso bá ti yọ, ẹ ṣí àpò kúrò, kí ẹ so ohun àmì mọ́ ọrùn èso náà kí ẹ má bàa ṣì í ká fún jíjẹ.

Hóró ìbẹ́pẹ ní awọ kan tó ń yọ̀ bí omi ilá. Awọ yìí kì í jẹ́ kí hóró hù. Ẹ da hóró sínú asẹ́, kí ẹ máa fi ọwọ́ rà á lábẹ́ omi títí awọ náà yóò fi bọ́ tán. Ẹ da èyí tó bá léfòó nù. Ẹ sá ìyókù sí ibòji fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Inú ọ̀rá kékeré tí ẹ ti lu ihò sí nídìí ni kí ẹ gbìn ín sí, kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà kan, nínú erùpẹ̀ tó fúyẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ni yóò hù. Bí ẹ bá ń bomi rin ín jù, ìsàlẹ̀ ọrùn rẹ̀ á rọ̀, á dúdú, á sì wó lulẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òkè erùpẹ̀ gbẹ díẹ̀ kí ẹ tó tún bomi rin ín.

Bí èèhù bá ti pé ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, tí gíga rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, ó ti tó gbé lọ sí oko. Èèhù mẹ́ta ni ẹ ó gbìn sínú ihò kan, ní onígun mẹ́ta, kí sẹ̀ǹtímítà 15 ó kéré tán wà láàárín wọn. Ìdí rẹ̀ rèé: kò sí ẹni tó lè wo ojú èèhù kó mọ̀ bóyá abo ni tàbí takọtabo. Bí ẹ bá gbin ẹyọ kan sí ihò kọ̀ọ̀kan lórí éékà kan tó gba nǹkan bí igi 670, ó lé ní 220 nínú wọn tí yóò jẹ́ abo. Bí ẹ bá gbin méjì, ihò bí 75 ni ẹ kò ti ní rí takọtabo. Bí ẹ bá gbin mẹ́ta, ihò bí 25 péré ni. Owó irúgbìn mẹ́ta kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi tí ẹ ó máa bọ́ fún ọdún méjì tí ọjà kò fẹ́ èso rẹ̀.

Ní oṣù kẹrin sí ìkẹfà lẹ́yìn gbígbé sí oko, òdòdó á yọ. Ìgbà yìí ni kí ẹ wọ oko pẹ̀lú ọ̀bẹ. Ẹ já òdòdó kan tí kò tíì là, kí ẹ fi èékánná là á ní òòró. Bí ìdí rẹ̀ bá tóbi tí orí rẹ̀ sì ṣe ṣóńṣó, tí ewé òdòdó rẹ̀ pínyà títí dé ìsàlẹ̀, tí ẹ kò sì rí nǹkan kan nínú rẹ̀ bí kò ṣe ọmọ èso rogodo kan, abo ni. Bí òdòdó bá tẹ́ẹ́rẹ́, tí àwọn ewé rẹ̀ so pọ̀ níbi ìsàlẹ̀ bí ọrùn ìgò, tí ẹ sì rí ọmọ èso tín-ínrín tí àpò àtíkè kéékèèké mẹ́wàá yí ká, takọtabo ni. Ẹ má fi òdòdó kan ṣoṣo ṣe ìdájọ́. Nígbà ooru, takọtabo máa ń yọ òdòdó tí kò ní ọmọ èso nínú, tí yóò jọ ti akọ. Ẹ wo òdòdó mẹ́ta lára igi kan. Lẹ́yìn náà, ẹ fi takọtabo tó lágbára jù sílẹ̀, kí ẹ gé àwọn yòókù mọ́lẹ̀. Ẹ má fà wọ́n tu, torí gbòǹgbò wọn ti lọ́ mọ́ ti èyí tí ẹ fẹ́ fi sílẹ̀.

Ihò àti gbígbé sí oko

Mítà 2 láàárín igi, mítà 3 láàárín ìlà: ìwọ̀n yìí bá oko kékeré mu, ó sì ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rí ọ̀nà gbà. Ihò tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 40 tó sì jìn tó bẹ́ẹ̀ ti tó. Ẹ po erùpẹ̀ òkè mọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ajílẹ̀ tó ti jẹrà dáadáa. Ìgbẹ́ adìẹ tútù ń jó gbòǹgbò, ẹ jẹ́ kó pé oṣù mẹ́ta ó kéré tán kí ẹ tó lò ó. Nígbà tí ẹ bá ń gbé èèhù, ẹ fi abẹ ya ọ̀rá, ẹ má fà á yọ; bí gbòǹgbò àárín bá ti kán, igi náà kì í le mọ́. Ọrùn èèhù kò gbọ́dọ̀ wọ inú ilẹ̀ ju bó ṣe wà nínú ọ̀rá lọ. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ gbé e.

Bí ìbẹ́pẹ bá ti wà lórí ilẹ̀ náà rí, nǹkan yí padà. Àrùn kan tó ń jẹ́ Phytophthora máa ń kù sínú ilẹ̀, ó sì máa ń jẹ gbòǹgbò ọmọdé igi. Ní Puna wọ́n wá ọgbọ́n sí i: wọ́n ń gbẹ́ ihò tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30 tó sì jìn tó 10, wọ́n ń bu erùpẹ̀ tí ìbẹ́pẹ kò tíì wọ̀ rí sínú rẹ̀, wọ́n á sì gbin hóró sínú erùpẹ̀ tuntun náà. Kí gbòǹgbò tó jáde kúrò nínú rẹ̀, igi ti dàgbà tó láti dènà àrùn náà. Bárò erùpẹ̀ díẹ̀ ni, kò sí oògùn nínú rẹ̀, ó sì dára ju pé kí ẹ máa da kẹ́míkà sílẹ̀ lọ.

Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí igi, àmọ́ kó jìnnà sí ara igi tó ìbú ọwọ́ kan. Ẹ má fi ọkọ́ ro ìdí ìbẹ́pẹ. Gbòǹgbò rẹ̀ wà lókè ilẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tó ń fín oògùn koríko, ẹ ṣọ́ra gidigidi: ara ìbẹ́pẹ tó ṣì dúdú bí ewé ń mu glyphosate bí ewé ṣe ń mu ún, ìwọ̀nba tó bá ta sí i lè pa igi.

Omi, ajílẹ̀, àti ohun tí èso ń sọ fún yín

Igi kékeré ń fẹ́ omi lítà 4 sí 5 lójúmọ́ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Igi tó ti ń so ń fẹ́ tó 20. Bí òjò bá rọ̀ tó mìlímítà 25 láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fi omi sílẹ̀. Ní ti ajílẹ̀, NPK 15-15-15 dára: gíráàmù 50 ní oṣù kan lẹ́yìn gbígbé, kí ó máa lọ sókè dé 100 lóṣooṣù títí òdòdó yóò fi yọ, lẹ́yìn náà 250 ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà. Abẹ́ ibi tí òjìji ewé dé ni kí ẹ fọ́n ọn sí, kì í ṣe ìdí igi.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa ka ara igi. Bí ẹ bá rí ibi tí èso já gẹ́rẹ́ lára igi, tí ìlà èso wà lókè, tí ó wà nísàlẹ̀, tí àárín sì ṣófo, ooru tàbí òǹgbẹ ló dé bá òdòdó nígbà náà, ó sì di òdòdó tí kò ní ọmọ. Ẹ túbọ̀ tẹpẹlẹ mọ́ omi. Bí èso bá wọ́, tí ó ní ojú pàlàpálá bí ẹni pé ọmọ èso méjì lẹ̀ pọ̀, òtútù àti ọ̀pọ̀ omi ló fà á, pàápàá níbi tí náítírójìn ti pọ̀ jù. Ẹ já a dànù ní kékeré kí ó má fa oúnjẹ àwọn tó dára. Bí ara èso bá le kókókó, tí ó ní kókó bí ẹni ní éwo, tí oje funfun sì ń ṣẹ́ jáde lára èso tí kò ní egbò, bọ́ránì, ọ̀kan nínú èròjà tí igi ń fà mu, ni ilẹ̀ kò ní. Ó wọ́pọ̀ lórí yanrìn àti ilẹ̀ òkúta ayọnáyèéfín. Ṣíbí tíì kan bọ́ráàsì, nǹkan bí gíráàmù 5, tí ẹ fọ́n káàkiri abẹ́ igi lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ti tó. Ẹ má lé e sí i. Bọ́ránì tó pọ̀ jù jẹ́ májèlé fún igi.

Àrùn òrùka

Èyí ló lè pa oko run. Fáírọ́ọ̀sì ni, àwọn áfíìdì ló ń gbé e, ìyẹn àwọn kòkòrò wínníwínní tó ń fa oje ewé. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan tí áfíìdì fi kan igi tó ń ṣàìsàn ti tó kó gbé àrùn, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò sì ṣe fi ránṣẹ́ sí igi tókàn. Ìdí nìyí tí oògùn kòkòrò kò fi ń ràn án lọ́wọ́: kí oògùn tó pa á, ó ti ṣe iṣẹ́ ibi rẹ̀ tán.

Ní erékùṣù Oahu ni àrùn yìí ti kọ́kọ́ lé àwọn àgbẹ̀ kúrò nídìí ìbẹ́pẹ, iṣẹ́ náà sì kó lọ sí Puna. Ní oṣù karùn-ún 1992, wọ́n rí i ní Puna náà. Èso tí Puna ń ká já láti mílíọ̀nù 53 pọ́n-ùn ní 1992 sí nǹkan bí mílíọ̀nù 26 ní 1998. Dennis Gonsalves, onímọ̀ àrùn ewéko tí a bí ní Hawaii, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe ìbẹ́pẹ kan tí wọ́n fi apá kan fáírọ́ọ̀sì náà sínú rẹ̀ kí ó lè dènà àrùn. Ní 1998 ni irúgbìn rẹ̀ dé ọwọ́ àgbẹ̀: SunUp, àti Rainbow, tí ó jẹ́ ọmọ SunUp àti Kapoho.

Ohun méjì ni kí ẹ mọ̀ nípa Rainbow. Àkọ́kọ́, ẹ má tọ́jú hóró rẹ̀ fún gbígbìn: ọ̀kan nínú mẹ́rin ohun tó bá hù kò ní ní ìdènà náà, àwọn yòókù kò sì ní rí bákan náà. Èkejì, àrùn ti Hawaii ló ń dènà. Púpọ̀ nínú ẹ̀yà àrùn náà tó wà ní àwọn ilẹ̀ mìíràn ń mú un, nítorí náà kò sí èrè nínú kí ẹnikẹ́ni dọ́gbọ́n gbé e kọjá ẹnubodè, yàtọ̀ sí pé òfin ọ̀pọ̀ ìlú kò gbà á.

Níbi tí ẹ kò bá ti ní igi tó ń dènà, ojú àti àdá ni oògùn. Ẹ rìn yí oko ká lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ wo ewé orí fún àwọ̀ àdíkálà, ẹ wo ọ̀pá ewé àti òkè igi fún ìlà dúdú tó dà bí ẹni pé epo ta sí i, kí ẹ sì wo èso fún òrùka kéékèèké. Igi tí ẹ bá rí i lára rẹ̀, ẹ gé e lọ́jọ́ náà, kí ẹ gé e wẹ́wẹ́ kó lè tètè gbẹ. Mo mọ̀ pé ó ń dunni, pàápàá nígbà tí èso ṣì wà lórí rẹ̀. Àmọ́ igi kan tí ẹ bá ṣàánú rẹ̀ lónìí yóò mú ogún mọ́ra. Ẹ má gbin ẹ̀gúsí, elégédé tàbí bàrà sí àárín oko: àrùn náà ń mú ìdílé wọn, áfíìdì sì fẹ́ràn wọn.

Kí ẹ tó gé igi, ẹ rí i dájú pé kì í ṣe máìtì ni. Kòkòrò tí ojú lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí yìí ń mú kí ewé orí kéré, kó sì ká kò bí èékánná ẹyẹ, ó sì jọ àrùn òrùka gan-an. Ṣùgbọ́n kì í fa ìlà tó dà bí epo lára ọ̀pá ewé, kì í sì í fa òrùka lára èso. Ẹ fín ìyẹ̀fun imí ọjọ́ tí a pò mọ́ omi sí i ní ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe lọ́sàn-án gangan kó má jó ewé.

Kòkòrò ẹlẹ́fun náà ń bẹ, èyí tó máa ń kóra jọ bí òwú funfun sí abẹ́ ewé àti ara èso. Ó dé Hawaii ní 2004, ó sì ti dé Gánà, Tógò, Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà pẹ̀lú. Agbọ́n wínníwínní kan ń pa á nípa yíyé ẹyin sínú rẹ̀. Omi ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ sì lé èèrà tó ń dáàbò bò ó kúrò. Bí ẹ bá fín oògùn líle, agbọ́n yẹn ni ẹ ó kọ́kọ́ pa.

Kíká

Láti òdòdó dé èso gbígbó, oṣù 5 sí 6 ni. Nígbà tí ìlà ìyeyè kan bá yọ ní ṣóńṣó ìsàlẹ̀ èso, ẹ ká a. Bí ó bá dúdú pátápátá, kò ní dùn. Bí ó bá pọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, eṣinṣin èso lè ti yé ẹyin sínú rẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti aṣọ alápá gígùn, oje rẹ̀ ń bó awọ ara. Ẹ yí èso lọ́rùn, ẹ má fà á, kí ẹ tò ó sórí bébà tàbí fóòmù ní ipele kan ṣoṣo. Èso tó bá já bọ́ nílẹ̀, ẹ bò ó mọ́lẹ̀ kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 50, tàbí kí ẹ dì í sínú ọ̀rá dúdú kí oòrùn pa kòkòrò inú rẹ̀.

Láti dènà àbàwọ́n tó ń yọ lára èso lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ rì í sínú omi gbígbóná tó jẹ́ 49 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ sì fi omi tútù rọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ lo òṣùwọ̀n; ọwọ́ kò lè mọ ìyàtọ̀ 49 sí 54, èso á sì bó. Fírìjì tó wà láàárín 10 sí 13 ló bá a mu. Bí ó bá tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, ara rẹ̀ á lẹ́fun, kò sì ní pọ́n dáadáa mọ́.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, igi ti ga ju ohun tí ọwọ́ lè tó lọ, èso rẹ̀ sì ti kéré. Ẹ gé gbogbo igi àtijọ́ kúrò kí èèhù tuntun tó wọ oko, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀, torí igi àtijọ́ ni àrùn máa ń sá pamọ́ sí títí áfíìdì yóò fi gbé e bá àwọn ọmọdé. Bí ẹ bá ní ilẹ̀ mìíràn, ẹ kó lọ síbẹ̀. Bí ẹ kò bá ní, ẹ padà sí ọgbọ́n erùpẹ̀ tuntun ti Puna, ihò kan lẹ́yìn òmíràn.